Ojú Tí Bàbá Àgbà Kò Là

Ère kan wà lórí tábìlì ìránṣọ mi, láàárín sísọ́ọ̀sì àti àwọn ike òwú. Àkísà tí wọ́n fi wé e wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí kan rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Kò gùn ju láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá lọ. Obìnrin ni. Irun rẹ̀ dì sókè ṣóńṣó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ó ní imú, ó ní ẹnu, ó ní etí méjèèjì. Kò lójú. Ibi tó yẹ kí ojú wà tẹ́, ó sì jọ̀lọ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí.

Bàbá Àgbà mi, Làmídì gbẹ́nàgbẹ́nà ti Másífà, ló gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ti kú. A ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ wọn lánàá. Bọ̀dá Ráfíù, àbúrò bàbá mi tó ń ta ère ní Àbíjàn, máa wá gbé e lọ́sàn-án òní, nítorí ọkọ̀ Àbíjàn máa gbéra ní Èjìgbò lówùúrọ̀ ọ̀la, wọ́n sì ti fi fọ́tò ère náà ránṣẹ́ sí oníbàárà kan. Wọ́n ní òyìnbó máa ń du ère ìkẹyìn tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbẹ́ kó tó kú. Ṣùgbọ́n Àǹtí Rísì, ọmọbìnrin Bàbá Àgbà tó tọ́jú wọn títí dé òpin, ní èmi ni Bàbá Àgbà ní kí wọ́n fún. Bọ̀dá Ráfíù bi wọ́n pé kí ni aránṣọ fẹ́ fi ère ṣe. Èmi náà ò mọ̀. Ṣé kí n gbé e fún wọn, àbí kí n fi í pamọ́? Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Èjìgbò láti àárọ̀, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà, mo ní kí n kọ irú èèyàn tí Bàbá Àgbà jẹ́ sílẹ̀, bóyá màá rí ìdí tí wọ́n fi fi nǹkan yìí sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yìn Bàbá Àgbà ni gbogbo Másífà máa ń kí. Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ògiri ni wọ́n máa ń kọjú sí, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí títì, gbogbo ère tí wọ́n ti gbẹ́ náà á kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń jẹ níyà. Ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láìwẹ̀yìn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ṣì kéré, ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí àwọn ère wọn rí ìta. Wọ́n fẹ́ ìyẹ̀fun igi kúrò lórí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Tí mo bá kọjú wọn sọ́nà, ìrìn-àjò ni wọ́n á máa rò." Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Igi ìrè ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, kì í sì í tètè là. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀: "Ẹ dákun, igi ni mo wá gé, n ò bá ẹnì kankan jà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe Bísímílà, àáké á sì balẹ̀. Ilé kéú ni mò ń lọ nígbà náà, mo sì rò pé mo mọ̀ ju gbogbo ayé lọ. Mo ní, "Bàbá, ṣé Bísímílà nìkan ò tó ni?" Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tí mo fẹ́ lé kúrò nílé ò gbọ́ Lárúbáwá."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ń kírun wákàtí márààrún, wọn kì í sì í pa àwẹ̀ kan jẹ. Síbẹ̀ wọ́n mọ àwọn òrìṣà bí èmi ṣe mọ àwọn oníbàárà mi, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìwà. Wọ́n á ní Ògìyán, òrìṣà ìlú Èjìgbò, fẹ́ràn iyán débi pé ẹni tó bá gbẹ́ ẹ láìfi odó sí i kò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n á ní kò yẹ kí ẹnu Ọya máa rẹ́rìn-ín, ojú burúkú ló fi ń wo ẹni tó bá gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Irun Èṣù tó gùn sẹ́yìn ló máa ń gba àkókò jù, inú sì máa ń bí i tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá kánjú. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, o ó rò pé aládùúgbò kan tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń bú. Ìbejì nìkan ni wọn kì í sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìwọ gan-an lo mọ ìyẹn."

Àwọn ère tí wọ́n bá gbẹ́ fún títà, wọn kì í là wọ́n lójú. Ojú ni iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn, ọ̀bẹ kékeré kan sì wà fún un, tí wọ́n fi àkísà búlúù wé ní ìdí, tí wọ́n tọ́jú sínú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ. Ère títà kì í fojú kan ọ̀bẹ yẹn. Bí wọ́n bá ti mú un dán tán, tí wọ́n fín irun rẹ̀ tán, ó parí nìyẹn, ó di ti àpò Bọ̀dá Ráfíù.

Mo rí ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀bẹ yẹn jáde. Ìyá kan wá láti Ọ̀là, wọ́n ru ère òrìṣà ilé wọn tí ikán ti jẹ lẹ́sẹ̀ wá, kí Bàbá Àgbà gbẹ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí tuntun parí, ìyá náà ní kí Bàbá Àgbà la ojú rẹ̀ fún àwọn. Bàbá Àgbà na ọ̀bẹ sí wọn. Wọ́n ní, "Alágbàṣe ni èmi. Ẹni tó ni ín ló ń là á." Wọ́n wá lé mi síta. Mo yọjú láti ojú ihò ògiri. Mo rí i tí ìyá náà pe orúkọ kan, mo rí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ihò náà kéré, n ò rí ibi tí wọ́n kọjú ère náà sí. Ó ṣe pàtàkì, màá sọ ìdí rẹ̀.

Àfáà mọ́ṣáláṣí wa ni ẹni tí wọ́n bá jà jù, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ wọn jù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n jọ máa ń ti mọ́ṣáláṣí rìn bọ̀, tí wọ́n á máa jà dé ẹnu ọ̀nà. Àfáà ní ẹni tó bá gbẹ́ ohun abẹ̀mí, wọ́n á ní kó fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò sì ní rí i ṣe. Ní Jímọ̀ kan, Àfáà mú ọkùnrin méjì lẹ́yìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí Bàbá Àgbà yan ọ̀kan, ère àbí sààfù iwájú tí wọ́n ti ń kírun. Bàbá Àgbà mú ère kan, wọ́n fi lé Àfáà lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ wò ó dáadáa, Àfáà. Ṣé òun náà ń wò yín?"

Àfáà yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Báwo ló ṣe fẹ́ wò mí? Ṣé ó lójú ni?"

"Ẹ ṣeun. Tí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ náà, màá ní n ò tíì parí."

Àfáà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin méjì náà ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, wọ́n ní kí àwọn máa lọ. Sààfù iwájú ni Bàbá Àgbà wà ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ìjà sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun. N ò mọ̀ títí dòní bóyá nítorí Ọlọ́run ni wọn ò ṣe la ojú ère, àbí nítorí àwọn òrìṣà fúnra wọn. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀.

Bọ̀dá Ráfíù ló bá wọn jà lórí ojú náà jù. Wọ́n á ti Àbíjàn dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, wọ́n á fi Faransé kí gbogbo ilé ní "bọ̀nsúà", wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Wọ́n ní òyìnbó fẹ́ràn ère tó lójú, pé ẹni tó ra ère tí ò lójú máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Bàbá Àgbà ní rárá. Bọ̀dá Ráfíù ní kò burú, tí àwọn bá dé Àbíjàn, àwọn á la ojú náà fúnra àwọn. Bàbá Àgbà ń lọ ọ̀bẹ lórí òkúta, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Là á. Ìwọ ni wọ́n á máa wò." Bọ̀dá Ráfíù fi ṣe yẹ̀yẹ́ jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ pé wọ́n la ojú ère kankan.

Mo ti ń fà á sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Orúkọ mi ni Kẹ́hìndé. A bí mi pẹ̀lú Táyé, Táyé sì kú kí àwa méjèèjì tó mọ ìjókòó. Láyé àtijọ́, wọn ì bá gbẹ́ ère fún un, ìyá mi ì bá máa wẹ̀ ẹ́, kó máa wọṣọ fún un, kó máa fún un ní ẹ̀wà, kí ó má baà bínú mú mi lọ. Bàbá mi ní Mùsùlùmí ni àwọn, wọn ò gbọdọ̀ ṣe é nílé àwọn. Bàbá Àgbà, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyẹn, ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn òbí mi lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ Táyé. Àǹtí Rísì ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ń bi wọ́n ìdí tí mo fi ń jẹ́ Kẹ́hìndé tí n ò ní ẹnìkejì. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ń dùn mí tí n ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo máa ń rí àwọn ọmọbìnrin tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀gbọ́n fi itan méjèèjì há àbúrò mọ́lẹ̀, tó ń di irun fún un, inú á sì bí mi sí wọn.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Bọ̀dá Ráfíù ní kí Bàbá Àgbà gbẹ́ ère ìbejì kún àpò kan. Bàbá Àgbà parí wọn, wọ́n lọ kírun Àsárì. Mo gun àpótí, mo mú ọ̀bẹ kékeré nínú agolo mílíìkì, mo ṣa ère kan tí ojú rẹ̀ wù mí. Ẹnu ọ̀nà ni ìmọ́lẹ̀ wà, ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Mo fi itan méjèèjì há a, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ikùn mi, bí ẹni tó fẹ́ di irun fún àbúrò rẹ̀. Mo tẹ orí ba láti òkè, mo pe Táyé, mo la ojú ọ̀tún. Mo la ti òsì. Nítorí pé láti ẹ̀yìn ni mo ti ń là á, ọ̀bẹ yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó fa ìlà kan láti abẹ́ ojú òsì títí dé àgbọ̀n. Bí mo ṣe gbé orí sókè, mo rí Bọ̀dá Ráfíù tí wọ́n ń bọ̀ lójú títì, àpò òfìfo lé èjìká wọn. Mo ju ère náà sáàárín àwọn yòókù, mo sá lọ sẹ́yìnkùlé.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ láìwo ọ̀kan.

Nígbà tí Bàbá Àgbà dé, ẹ̀ẹ́rún igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n wo inú agolo. Wọ́n pè mí.

"Ta lo là lójú?"

Mo ní, "Ọ̀kan ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Orúkọ wo lo pè?"

"Táyé."

"Níbo lo kọjú ẹ̀ sí?"

Mo na ọwọ́ sí títì. Bàbá Àgbà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò wá àpótí. Wọ́n ní ohun tí ère bá kọ́kọ́ rí ló máa ń mọ̀ sí ẹni rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni ín fi máa ń kọjú rẹ̀ sí ara rẹ̀, tó máa ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́nà. Mo ti la Táyé lójú, títì ni mo sì fi hàn án, pẹ̀lú ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e lọ. Wọn ò nà mí. Ó sàn kí wọ́n nà mí.

Ọkọ̀ Àbíjàn ti lọ kí wọ́n tó dé Èjìgbò lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí fóònù tó lè bá Bọ̀dá Ráfíù nígbà náà. Bàbá Àgbà, tí wọn ò tíì rìn kọjá Ìbàdàn rí láyé wọn, wọ aṣọ Iléyá wọn, wọ́n ki ọ̀bẹ kékeré sí àpò, wọ́n wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ti gbẹ, aṣọ Iléyá náà ti di ńlá sí wọn lára. Mo wo ọwọ́ wọn, kò sí nǹkan kan ju àpò kékeré tí wọ́n gbé lọ. Wọ́n fọwọ́ kan orí mi. Wọ́n ní, "N ò rí i."

Ìyẹn ni ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Wọn ò gbẹ́ ìbejì fún Bọ̀dá Ráfíù mọ́, bí Bọ̀dá ṣe bínú tó.

Ó ti lé lógún ọdún. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, lójú ọ̀sán gangan, pẹ̀lú àwọn oníbàárà mi nínú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan ń wò mí láti ọ̀nà jíjìn. Mo máa ń yíjú. Kò sí ẹnì kankan. Lọ́jọ́ tí mo ṣègbéyàwó, mo yíjú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi bi mí ta ni mò ń retí. Tí mo bá ní dátà lórí fóònù, mo máa ń wo fọ́tò àwọn ère ìbejì tó wà nílé àwọn òyìnbó, tí wọ́n tan iná kékeré sábẹ́ wọn. Àìmọye ni mo ti wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ń bà mí lẹ́rù pé màá rí i, ó sì ń bà mí lẹ́rù pé n kò ní rí i. Mo máa ń rò ó pé Táyé wà nínú yàrá àlejò kan, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mọ èdè tí wọ́n ń sọ.

Ní ọdún tó kẹ́yìn ayé Bàbá Àgbà, ojú wọn ti ṣú pátápátá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ èèyàn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn ní Másífà, wọ́n á fọwọ́ pa mí lójú láti iwájú orí wá sílẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan, àtàǹpàkò wọn dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìẹ dán." Mo rò pé àgbà ló ń dà wọ́n láàmú.

*

Mo dá ìwé dúró níbi yẹn, mo wo ère tó wà lórí tábìlì. Eruku ti dì mọ́ ọn, osùn àtijọ́ sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ní kó tó lọ sọ́dọ̀ ẹni yòówù kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kó mọ́ tónítóní. Mo fi àjákù aṣọ nù ún, mo fi òrí pa á láti orí dé ẹsẹ̀. Òrí wọnú igi náà, igi náà dúdú, ìlà kan sì jáde lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Láti abẹ́ ibi tó yẹ kí ojú wà, títí dé àgbọ̀n.

Mo fìka tẹ̀ lé e. Ọwọ́ mi ló fa ìlà yẹn. Mo wá rí ìdí tí iwájú rẹ̀ fi tẹ́, tí imú rẹ̀ fi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti lójú rí. Wọ́n ti ha á kúrò ni.

Mo fi fóònù pe Àǹtí Rísì. N ò mọ̀ bóyá mo kí wọn.

"Àǹtí, níbo ni Bàbá ti rí ère yìí?"

Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn wọn. "O ti rí i nìyẹn."

"Wọ́n ní àwọn ò rí i!"

"Wọ́n rí i, Kẹ́hìndé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n débẹ̀ náà ni wọ́n rí i, lọ́dọ̀ alátẹ kan tó rà á lọ́wọ́ Ráfíù. Wọ́n gbà á padà. Ìrìn ilé ni ò ṣeé rìn. Wọ́n ní ó ti mọ títì, tí àwọn bá gbé e wálé pẹ̀lú ojú yẹn, á tún lọ ni, kò sì ní dá nìkan lọ. Ìwọ lẹ̀rù ẹ ń bà wọ́n."

"Ẹ wá ń wò mí láti ìgbà yẹn, Àǹtí?"

"Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n ní tí o bá mọ̀ pé ó wà nílé, ìdí ẹ̀ lo máa wà, o ò ní bá ọmọ ẹlòmíì ṣeré. Gbọ́ ná. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi jókòó ní mọ́ṣáláṣí àwọn ará ilé wa ní Àbíjàn, tí ọwọ́ wọn ò gbà á. Wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, 'Rísì, ọmọ ọmọ mi ni, èmi ni mo fọ́ ọ lójú.'"

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Àgbà ló wà láti ìgbà náà. Ogún ọdún ó lé, mò ń yíjú wá Táyé lókè òkun, ó sì wà ní Másífà, nínú àkísà, kò ríran. Inú bí mi sí Bàbá Àgbà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú sí mi. Mo bínú, mo sunkún, mo tún rántí aṣọ Iléyá tó ti di ńlá sí wọn lára, mo sì tún sunkún. Àǹtí Rísì ní kí n tú etí tí wọ́n dì lára àkísà tí wọ́n fi wé e. Mo tú u. Ọ̀bẹ kékeré náà wà nínú rẹ̀, àkísà búlúù ṣì wà nídìí rẹ̀. Àǹtí Rísì ní ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn nípa rẹ̀ ni pé, "Ó ti dàgbà. Kó ṣe é bó ṣe yẹ."

Bọ̀dá Ráfíù dé nígbà tí ìrun Àílà tán. Wọ́n kan ìlẹ̀kùn, wọ́n ń fi Faransé kán mi lójú láti ìta. "Kẹ́hìndé, alé, alé! Mo ṣì máa lọ di ẹrù."

Mo ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá. N ò tà á."

"Kì í ṣe ìwọ lo ń tà á, èmi ni. Ẹni tó fẹ́ ẹ ti rí fọ́tò."

Mo gbé ère náà sí wọn lọ́wọ́, mo mú ìka wọn, mo fi tẹ̀ lé ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rántí bí Bàbá Àgbà ṣe yọ sí wọn nídìí àtẹ wọn nígbà náà, tí wọ́n jókòó, tí wọn ò sọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n ní àwọn rò pé wọ́n wá ṣọ́ àwọn ni, àwọn sì sọ̀rọ̀ burúkú sí wọn níwájú àwọn ará ọjà. Omi gba ojú wọn. Wọ́n rí ọ̀bẹ lórí tábìlì.

Wọ́n ní, "O fẹ́ là á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ kíá. "Dákun, jẹ́ kí n kọjá ná." Wọ́n kánjú jáde, wọn ò dúró títí wọ́n fi kọjá ilé kejì.

Mo ti ìlẹ̀kùn. Mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn ère náà sí títì, mo kọjú rẹ̀ sí mi, ó súnmọ́ mi débi pé èémí mi ń kàn án. Mo ṣe Bísímílà. Mo ní, "Táyé, èmi nìí. Kẹ́hìndé." Mo la ojú ọ̀tún. Ọ̀bẹ ò yẹ̀.

Ojú òsì, èyí tó wà lókè ìlà, mo fi í sílẹ̀ bí Bàbá Àgbà ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣì ń kírun, mo mọ̀ pé wọ́n á bi mí. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní n ò tíì parí.

Mo gbé e sórí pẹpẹ, mo padà sídìí máṣíìnì, torí aṣọ àwọn èèyàn wà nílẹ̀. Mo mú abẹ́rẹ́, mo ti òwú bọ̀ ọ́. Ó tún ṣe mí bó ṣe máa ń ṣe mí. Mo yíjú, mo rí i.